Àwòrán Ọkàn Ìyá Fadé

Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á gbé èmi Adékúnlé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, torí ọkàn mi tó ń lù ségesège. Mi ò mọ̀ bóyá màá jáde láàyè. Kí n tó wọlé, ẹ jẹ́ kí n tú ohun tí mo ti dì sínú láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yin ará Ìdó-Ilé-Èkìtì tí ẹ ń pè mí ní “dókítà wa,” ẹ gbọ́ irú dókítà tí mo jẹ́.

Iṣẹ́ ìwádìí mi ni láti mọ iye àgbẹ̀ tí ọkàn wọn kì í lù déédéé. Èmi àti Jacob, awakọ̀ mi tó tún ń bá mi to ẹ̀rọ, la jọ ń gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn kiri, láti Ìpótì dé Odò-Ọwà, títí dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló yẹ ká yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò. Ìyá kan wà nínú wọn tí wọ́n ń dá gbé lábà kòkó lẹ́yìn odò. Christiana lorúkọ wọn, Ìyá Fadé lẹ ń pè wọ́n. Lóṣù Kẹta, mo ní kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ lórí ẹní, mo gbé ẹ̀rọ lé wọn láyà. Ọkàn wọn ń lù déédéé. Síbẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, nígbà mìíràn, a máa fò bí àkèré.”

Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mà. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Keje, èmi fúnra mi á padà wá síbí. Ẹ má lo oògùn kankan, ẹ ṣáà dúró dè mí.” Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Mi ò fẹ́ kí oògùn ẹlòmíì da ìwádìí mi rú ni. Ọkàn èèyàn ń fò, ìwé tí mo fẹ́ kọ ni mo ń rò.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje, mo wá lóòótọ́. Mo yẹ gbogbo yín wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku Ìyá Fadé. Òjò ti rọ̀, odò ti kún. Jacob ní, “Ọ̀gá, ẹnì kan péré ló kù. Ṣebí àwòrán oṣù Kẹta wà lọ́wọ́ yín? Ta ló máa mọ̀?” Ó yẹ kí n bá a wí. Ẹ̀rín ni mo rín. Nígbà tí mo délé, mo mú àwòrán oṣù Kẹta, mo kọ ọjọ́ oṣù Keje sí i. Tíì tí mo ń mu ò tíì tutù tí mo fi ṣe é tán.

Lóṣù Kẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọkàn wọn gòkè lọ sí ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ mú wọn ní apá ọ̀tún, ohùn wọn sì lọ.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Ó kù. Ọmọ wọn, Fadékẹ́mi, tó ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀fọ̀n, wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ padà débẹ̀? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, wọ́n á ní, ‘Ẹni tó bá mi dájọ́, ṣé n óò kúrò nulé kó wá bá ilẹ̀kùn? Mo ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dè é.’ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn pọ́n, ó bàjẹ́, wọ́n tún gé òmíì.”

Mo yí kọ̀ǹpútà sí i, mo ní, “Mo débẹ̀. Wo àwòrán oṣù Keje. Màmá ti dàgbà, wọ́n gbàgbé ni.”

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, mo ti ń bá yín jà nínú ọkàn mi. Èmi ni mi ò tọ́jú wọn. Ọpọlọ wọn ti ń lọ, mi ò mọ̀.” Mo fà á dìde, mo sì gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìyá tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni mo parọ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ọkàn tèmi, mo rí àkèré tí Ìyá Fadé sọ. Mi ò lè sùn mọ́. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwádìí mi jáde pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ jẹ́wọ́ ní Ẹ̀fọ̀n, níbi tí Fadékẹ́mi ti ń tọ́jú ìyá rẹ̀ báyìí, mo sì bá ìyá náà lórí ẹní. Bí wọ́n ṣe rí mi, ojú wọn là. Wọ́n rọra fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wọn, wọ́n fi ọwọ́ kan tó kù gbé bùbá sókè díẹ̀, wọ́n ń dúró de ẹ̀rọ. Fadékẹ́mi nu ojú, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Wọn ò rántí nǹkan kan mọ́.” Mo sá jáde láìjẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí ẹ ò bá dé ibì kan, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò débẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìdó-Ilé, ẹ forí jì mí. Ìyá, ẹ forí jì mí. Fadékẹ́mi, mi ò lójú láti bẹ̀ ọ́, àmọ́ gbọ́ èyí: ìyá rẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mi ò wá.