Orin Tí Mo Pín Bí Ẹni Pín Sàárà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú agbo ilé wa. Orin kan wà tó gba gbogbo Èkó báyìí. Bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, òun ni wọ́n ń gbọ́. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá ń sáré kọjá, òun ló ń dún nínú rẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì mọ ABD ń kọ ọ́ lọ sí iléèwé. Àwọn èèyàn á máa jó, èmi á máa fi ìborùn di etí bí ẹni tí otútù ń mú. Èmi ni mo gbé orin náà síta kí àkókò rẹ̀ tó tó. Èmi náà ni mo jókòó, tí mo ń wo ọmọ ọlọ́mọ tó gbé ọwọ́ lé Al-Kùránì nítorí rẹ̀, tí mi ò sì lè la ẹnu mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé olè paraku ni mí. Ìborùn àti híjáàbù ni mò ń tà létí títì ní Adéníji Adélé. Ẹnu mi mú, wọ́n mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí oníbàárà bá ná ọjà mi ní ìnákúnàá, mo lè fi ọ̀rọ̀ lé e dé Obaléndé. Lafiaji ni mo ti ṣe ìyàwó. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, ìyá ọkọ mi ti ṣaláìsí, ó sì fi ọmọkùnrin kékeré kan sílẹ̀, àbúrò ọkọ mi pátápátá, tí kò tíì lè so okùn ṣòkòtò ara rẹ̀. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mo ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé kéwú. Síbẹ̀ náà, ọkọ mi ni, ẹ kúkú mọ bí ilé wa ṣe rí. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Nígbà tí mo rí i pé ẹkún rẹ̀ gan-an ń dùn létí, mo sọ ọ́ ní Olóhùn-iyọ̀, orúkọ náà ló sì mọ́ ọn lára títí dòní.

Nígbà tó gbọ́njú díẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ tó máa ń fi orin wéré jí àdúgbò sí sààrì nígbà ààwẹ̀. Ibẹ̀ ni òun àti Mùtíù ti di ọ̀rẹ́. Ìyá Mùtíù ń ta ọṣẹ ní agbo ilé tó kángun sí tiwa, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń ra ọṣẹ tí mo fi ń wẹ Olóhùn-iyọ̀. Bí Olóhùn-iyọ̀ bá ń kọrin, Mùtíù ló ń lù. Wọn kì í jẹun lọ́tọ̀. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dàgbà, Mùtíù lọ kọ́ iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀, ó gba yàrá kan ní Olówógbowó, ó kan fóòmù mọ́ gbogbo ara ògiri rẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé, ó sọ ọ́ di sítúdíò. Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kí ààwẹ̀ èṣí tó wọlé, wọ́n jókòó ti orin kan títí tí àwọn méjèèjì fi gbẹ. Orin ìyá ni. Olóhùn-iyọ̀ ò mọ ojú ìyá tó bí i, ó wá ń fi orin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé irú ojú wo lẹ ní, ṣé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ̀yin ni mo fi ìrìn jọ? Ní apá ìparí rẹ̀ ló wá pe oríkì tèmi: "Bí kò bá sí Àṣàkẹ́, ta ni ì bá wẹ̀ mí? Àṣàkẹ́ tó fi ọṣẹ ra orí ọmọ òrukàn." Ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó sì jókòó tì mí lórí ẹní títí mo fi gbọ́ ọ tán. Mo sunkún, mo sunkún, mo fi ọjà tí mo fẹ́ tà nu imú.

Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ gbọ́ o. Ilé iṣẹ́ kan tó máa ń gbé orin jáde ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó wù wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ní orin tí ìta ò tíì gbọ́ làwọn ń fẹ́. Tó bá ti jáde ṣáájú, àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ni yóò jáde. Orí fóònù yín, orí tèmi, àti inú kọ̀ǹpútà Mùtíù nìkan ló wà. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o, Àǹtí mi." Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé mo ya wèrè ni?"

Wèrè náà ni mo yà. Mo wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù kan, àwa oníṣòwò tí a ti oríṣiríṣi àdúgbò wá ni, a sì ní gúrúùpù lórí fóònù. Bí mo ṣe jókòó ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, Ìyá Monsúrà gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ tó gboyè jáde sí i, ọmọ náà dé fìlà onígun mẹ́rin. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, "Máṣáálàhù! Ọlọ́run á bá wa wò ó!" Èmi náà kí i. Ṣùgbọ́n ìlara ti gbé mi wọ̀, kí n má parọ́ fún yín. Mo ní kí ló dé tí tèmi ò níí hàn, èmi tí wọ́n pe oríkì mi nínú orin? Mo yan orin náà, mo fi ránṣẹ́, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ tí mo wẹ̀ kọ fún mi. Ẹ tẹ́tí sí ìparí rẹ̀. Ẹ má pín in o." Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹnu mi! Èmi tí mò ń pín in ni mò ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n má pín in.

Ní agbo ilé tiwa, ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kárí. Bí ẹnì kan bá ṣe sàárà, bí àkàrà náà ò tilẹ̀ tó nǹkan, a óò gé e kó lè dé gbogbo yàrá. Ẹni tó bá dá tirẹ̀ jẹ, ahun ni wọ́n ń pè é. Ojú tí mo fi wo orin yẹn náà nìyẹn. Mo tiẹ̀ ń dá ara mi láre pé àkàrà ń tán, orin kì í tán. Bí mo gbọ́, bí ìwọ náà gbọ́, kí ló dín níbẹ̀? Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi náà, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Oníkálukú fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, sí àna, sí ọmọ tó wà lókè òkun, oníkálukú sì ń kọ "Ẹ má pín in o" sábẹ́ rẹ̀. Kí n tó palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ohùn Olóhùn-iyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó máa ń kó orin sínú fóònù fáwọn èèyàn ní Adéníji Adélé. Àwọn àgbà ti sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Mo jókòó sórí àpótí mi, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe.

Ìyẹn ṣì kéré. Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń lu orin pọ̀ mọ́ra, àwọn tí wọ́n ń pè ní díìjéè, gbé orin náà, ó da ìlù tirẹ̀ lé e, ó sì ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ sì mọ ibi tó gé sọnù? Apá ìparí! Ibi tí Àṣàkẹ́ wà gan-an ni. Orúkọ tí mo torí rẹ̀ da ilé rú, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Èyí tí díìjéè ṣe yẹn ni gbogbo Èkó ń jó sí, wọn ò mọ̀ pé Olóhùn-iyọ̀ wà láyé. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé e jáde ní àwọn ò ṣe mọ́.

Olóhùn-iyọ̀ wọlé tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ó jókòó lórí ẹní kan náà yẹn. "Àǹtí, ẹ ò ṣèèṣì fi ránṣẹ́ síbì kankan, àbí?" Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn: "Èmi? Ṣé èmi mọ bí wọ́n ṣe ń fi orin ránṣẹ́ ni? Ṣebí ìwọ lo máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ tòun ti omi lójú, ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ má bínú pé mo bi yín." Ọmọ tí mo ṣẹ̀ ló ń bẹ̀ mí! Bí kì í bá ṣe èmi, tí kì í sì í ṣe òun, ta ló wá kù? Mo rí i nígbà tí èrò náà wọ ojú rẹ̀, mo sì jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n pe Mùtíù sí agbo ilé wa. Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wa, jókòó lórí àga, àwa ìyàwó ilé wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mùtíù ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ jìnnà. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé Al-Kùránì wá. Mo ti ṣe àlùwàlá kí n tó kúrò nílé." Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ní bó bá jẹ́ òun lòun gbé orin ọ̀rẹ́ òun síta, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun fi ẹsẹ̀ òun rìn dé ibi ire. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù mi wà nídìí ìró mi, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sì wà nínú rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé bó ti búra yẹn, ó ti tán, wọ́n á gbà á gbọ́. Ṣé ẹ rí bí èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀kadà gbá Mùtíù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Yéè! Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ìjàǹbá ọkọ̀ ní Lafiaji. "Al-Kùránì ti mú un." Ọ̀rọ̀ náà ràn ju orin lọ. Àwọn akọrin tó ń wá sí sítúdíò rẹ̀ yà sí ibòmíràn, wọ́n ní ta ló fẹ́ gbé orin fún ẹni tó búra èké. Bí ìyá rẹ̀ bá ń polówó ọṣẹ, wọ́n á máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Olóhùn-iyọ̀ ò yọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo gbé ọsàn lọ kí i, ó sì di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àǹtí, nínú gbogbo ilé yín, ẹ̀yin nìkan lẹ wá. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?" Mo ní mo gbà á gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí mo fi jáde, ìyá rẹ̀ sì fún mi ní ọṣẹ méjì mú lọ sílé.

Àáfà wa ṣe wàásù lórí sàárà ní àsàlátù lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ó ní ẹni tó bá fi ohun olóhun ṣe sàárà, kò ní láádá kankan níbẹ̀. Mo fẹ́ wọlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń sọ pé orin kì í tán, kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó ni àkàrà ló ń gbé àkàrà jáde. Olóhùn-iyọ̀ ò tíì gbé tirẹ̀ jáde, èmi ni mo bá a gbé e. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe "Àmín, àmín." Wọn ò mọ Mùtíù, wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni búra. Lójú tiwọn, orin kan kàn kọjá lórí fóònù ni.

Ẹsẹ̀ Mùtíù ti san báyìí, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Ọlọ́run fún un ní ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fẹ́, àwọn ẹbí ọmọ náà sì rán ìyá méjì wá ṣe ìwádìí, bí a ti í ṣe kí a tó fọmọ fọ́kọ. Ìsọ̀ mi ni wọ́n wá. "Ìyá, ẹ má bínú, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ṣojú yín. Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ yìí búra èké?" Mo ní, "Kò búra èké." Wọ́n ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Mo mú ìborùn kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ọmọ dáadáa ni." Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n rò pé mò ń fi àánú bo ọmọ àdúgbò láṣìírí ni. Wọ́n ní bàbá ọmọbìnrin náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Àgbà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ohun tí Bàbá bá sọ ni àwọn máa gbà. Mo sì mọ ohun tí Bàbá máa sọ: pé Al-Kùránì ti mú un.

Láàárọ̀ òní, Olóhùn-iyọ̀ tún fi orin tuntun ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ ọ́ sí i pé, "Àǹtí, ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo fọkàn tán." Mi ò tíì lè tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ lọ́jọ́sí ṣì wà lórí gúrúùpù yẹn, mo kàn lè na fóònù sí Bàbá Àgbà kí wọ́n fún ẹni tó lè kà á. Bí mo bá ṣe é, mo lè pàdánù ọmọ tí mo wẹ̀, baálé mi sì lè ní kí n máa lọ sílé bàbá mi. Bí mi ò bá ṣe é, Mùtíù á pàdánù ìyàwó, orúkọ tí mo jẹ́ kí wọ́n fún un á sì bá a dé sàréè. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kí n dákẹ́, mo ti dákẹ́ jù. Ilẹ̀kùn ta ni kí n kọ́kọ́ kàn: ti Olóhùn-iyọ̀ ni, àbí ti ìyá tí mo ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fi wẹ̀ ẹ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn, Sọ́ńdè ò jìnnà mọ́.