Ojú Ìwé Tó Sọnù Nínú Gáfákà

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Àwọn ará ilé mi mọ̀ pé ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀ dúró, àmọ́ ọ̀kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ búra lé e lórí.

Ilé àlùfáà ni mo lọ́kọ sí, nínú Ìlọrin níbí. Bàbá ọkọ mi ní gáfákà kan, àpò aláwọ tí wọ́n ń kó ìwé kéwú sí. Bàbá tó bí wọn ló kọ àwọn ìwé inú rẹ̀. Wọn ò dì wọ́n pọ̀, ewé kọ̀ọ̀kan ló dá wà. Èmi lè ka Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n n ò mọ kéwú. Lójú tèmi, ohunkóhun tí wọ́n bá fi kéwú kọ, Kùránì ni.

Rúkà ọmọ mi ò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ibà gbé e dè. A ti dé ọsíbítù, wọ́n ti fún wa lóògùn, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń jó bí iná. Ọkọ mi ò sí nílé. Bàbá ọkọ mi, tí wọ́n máa ń kọ hàntú, ẹsẹ Kùránì, sára wàláà fún wa, tí a ó fi omi fọ tàdáwà rẹ̀ fún ọmọ mu, ti lọ sóko. Ọmọ yíjú sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, kí lẹ ò bá ṣe?

Mo wọ yàrá Bàbá. Mo fa ewé kan yọ láàárín gáfákà, mo rì í sínú abọ́ omi. Tàdáwà ṣí díẹ̀díẹ̀, omi dúdú. Mo ní Bìsìmílà, mo sì fún un mu títí ó fi tán. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ń bèèrè ẹ̀kọ. Mo sunkún ayọ̀. Bébà tó ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ yẹn, ìdí igi òroǹbó ẹ̀yìnkùlé ni mo rì í mọ́.

Rúkà yìí náà ló wá di olùkọ́ ní Tanke. Lọ́dún tó kọjá, ó ní òun fẹ́ sọ yàrá Bàbá, tí wọ́n ti kú, di ilé ìkàwé ẹbí wa. Ó ya fọ́tò ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì mú àlùfáà àgbà kan wá tó ń kà á sókè, kí òun máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àfi bí àlùfáà ṣe bú sẹ́rìn-ín.

“Yorùbá mà rèé o! Kéwú ni wọ́n kàn fi kọ ọ́.”

Sùbùhánálláhì! Ọkùnrin tó ti kú kí n tó dáyé jókòó tì wá, ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wa, ẹni tó kọ́ ọ ní kéwú, títí kan bí ewúrẹ́ ṣe jẹ ìwé rẹ̀ tí òun sì sunkún. Orí mi wú. Ó wá kan ibi tó ti kọ ọ́ pé, “Ìyá mi tí ogun kó wá, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀ ni…” Ewé yẹn tán síbẹ̀. Ewé tó tẹ̀ lé e ò sí. Nínú gbogbo gáfákà, òun nìkan ni kò sí. N ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún mi.

Ẹbí ní Yísà, àbúrò ọkọ mi, ló tà á, torí pé ó ti gbé gáfákà náà fún àlejò kan wò rí. Ó wá bá mi.

“Ìyàwó wa, ṣé ìwọ náà gbà pé mo tà á?”

Mo ní, “Ẹ jẹun ná.” Ẹ wo irú ìdáhùn! Kò jẹun, ó lọ. Jímọ̀ tí a ó ṣí yàrá náà, wọ́n ní kó fọwọ́ kan Kùránì lójú gbogbo wa.

Mi ò ní jẹ́ kó dé ibẹ̀. Màá jẹ́wọ́ fún ẹbí, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Rúkà ni n ò mọ bí màá ṣe kojú rẹ̀. Ó ti fi bébà funfun sí àyè ewé tó sọnù, ó kọ ọ́ sí i pé, “Ìyá wa, à ń wá yín.” Tó bá tẹ̀ ba lé àwọn ìwé yẹn lórí, màá máa wo ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀rù Ọlọ́run á bà mí. Orúkọ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ láyé, ibẹ̀ ló gbà wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé òun ló mu ún?