Èèpo Iṣu tí Mo Fi Pamọ́ Lẹ́bàá Adágún Kejì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo wo aago nítorí pé táksí tó ń lọ Bassila fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi ki iṣu sísun kan bọ inú àpò ẹ̀yìn mi, lẹ́nu ọ̀nà wa ní Manigri. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ó ti pé ọdún kan tí mo ti gbé e pamọ́. Mi ò sọ fún ìyá mi. Mi ò sọ fún ọ̀rẹ́ kankan. Mò ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí òun ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Kò mọ̀ pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Àbí ó mọ̀? Màá sọ ohun tí mo rí, kí ẹ̀yin náà wò ó.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì ni, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti omi. Bí ẹnì kan bá sọ nǹkan fún mi, mo máa ń béèrè pé, “Báwo lẹ ṣe mọ̀?” Àwọn ará ilé mi kò fẹ́ràn ìbéèrè yẹn rárá. Fún gbogbo ọdún tí mo fi wà nílé ẹ̀kọ́, mo ya adágún orí òkè sínú ìwé títí, àmọ́ mi ò fojú ara mi rí ẹyọ kan. Ẹ ò rí i pé nígbà tí mo gbọ́ pé ọkùnrin kan ní Bassila máa ń mú èèyàn lọ wo adágún mẹ́ta lórí òkè lápá Alédjo, kí wọ́n lọ láàárọ̀ kí wọ́n sì padà ní ìrọ̀lẹ́, oorun dá lójú mi.

Sàlífù ni orúkọ ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n Sàlífù là ń pè é. Ọmọ Bassila ni, Anii ni èdè ilé rẹ̀, àmọ́ bó bá ń sọ Yorùbá, ẹ máa rò pé Manigri ni wọ́n bí i sí. Èèyàn mẹ́fà péré ló máa ń mú lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà abúlé tó wà ní ẹsẹ̀ òkè ṣe gbà fún un. Òun nìkan ni wọ́n sì gbà fún. Ó ya òbìrí búlúù mẹ́ta sára pátákó kan, ó gbé e kọ́ síwájú ilé rẹ̀. Ẹni tó bá rí òbìrí mẹ́ta yẹn ti mọ̀ pé ilé ẹni tó ń mú èèyàn lọ wo adágún nìyẹn.

Àwa mẹ́fà la lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí mo rántí jù ni olùkọ́ obìnrin kan tó wá láti Parakou. Màdáàmù la pè é. Ẹnu rẹ̀ kò sinmi láti Bassila títí a fi dé ibi tí ọkọ̀ ò lè kọjá mọ́.

Ní ẹsẹ̀ òkè, a kí Bàbá, àgbà tó ń ṣọ́ òkè náà. Ó jókòó lábẹ́ igi èmì, ó ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n Sàlífù wá kó wa jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń béèrè,” ló wí. “Ṣé iṣu tuntun wà nínú àpò ẹnikẹ́ni? Abúlé yìí ò tíì jẹ iṣu tuntun. Títí Bàbá á fi tọ́ ọ wò, iṣu tuntun kì í dé ibi omi yẹn. Bó bá wà, ẹ fi sílẹ̀ níbí, ẹ máa bá a níbí. Kò sí ìjà níbẹ̀.”

Màdáàmù yíjú sí mi. “Ẹ yẹ àpò ọmọ Manigri wò o! Ọmọ Manigri tó jáde nílé láìgbé iṣu, ẹ bá mi béèrè bóyá ara rẹ̀ yá.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

“Ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀,” ni Ẹ̀gbọ́n Sàlífù wí. “Ìwé ló wà nínú àpò tiẹ̀.”

“Ìwé sísè ni àbí ìwé sísun?”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ojú mi gbóná. Mo ní, “Kò sí iṣu lọ́wọ́ mi.”

Irọ́ mi nìyẹn. Ẹnu ara mi ni mo fi pa á, ojúmọ́ ti mọ́ kedere, èèyàn mẹ́fà sì gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kì í ṣe láti gba ara mi sílẹ̀. Ojú ló kọ́kọ́ tì mí. Búrẹ́dì àti sàdíìnì làwọn yòókù gbé wá. Èmi nìkan ni ìyá mi di iṣu fún bí ọmọ tó ń lọ oko. Ohun kejì ni pé mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn kí n tó dáhùn. A ti jẹ iṣu tuntun ní Manigri láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn àgbà wa ti tọ́ ọ wò. Nítorí náà, mo sọ fún ara mi pé iṣu tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe iṣu tuntun mọ́. Mo gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, mo sì dá ara mi láre.

Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n Sàlífù ò béèrè nípa Manigri. “Abúlé yìí” ló wí. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Ó padà sọ́dọ̀ Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Mo ti bi gbogbo wọn. Ọwọ́ wọn mọ́.” Bàbá wá mi orí. A gbéra.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú mi ṣì ń dùn nípa ọjọ́ yẹn, ìyẹn gan-an sì wà lára ohun tó ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kí n sọ òótọ́: mi ò tíì rí ọjọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Adágún àkọ́kọ́ ò ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, omi rẹ̀ sì tutù débi pé ọwọ́ mi kú tipiri. Nígbà tí a yọ sí èkejì, ìkùukùu ń kọjá lórí òkè, òmíràn sì ń kọjá nínú omi nísàlẹ̀ wa, mi ò sì mọ èyí tí màá wò. Mo pariwo. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀! Màdáàmù ní, “Ẹ wò ó, ọmọ yìí ní ohùn!”

A sinmi níbẹ̀. Ebi ń pa mí. Mo rọra lọ sẹ́yìn àpáta kan, mo yọ iṣu náà jáde. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi ọwọ́ bó o, mo jẹ ẹ́ tán, mo ń wo omi. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn. Mo fẹ́ kó èèpo rẹ̀ padà sínú àpò, ni mo bá gbọ́ ohùn Màdáàmù tó ń bọ̀: “Ọmọ ìwé, ibo lo wọlé sí?” Ọwọ́ mi yá ju orí mi lọ. Mo gbé òkúta pẹlẹbẹ kan, mo ki èèpo náà sábẹ́ rẹ̀, mo dìde.

A gòkè lọ sí adágún kẹta. Mo ti mú okùn wá láti ilé, mo so òkúta mọ́ ọn, kí n lè mọ bí omi náà ṣe jìn tó. Ẹ̀gbọ́n Sàlífù bá mi di okùn náà mú lórí àpáta tó yọ sórí omi. A ń tú u sílẹ̀, a ń tú u sílẹ̀, okùn tán. Òkúta ò tíì kanlẹ̀! Àwa méjèèjì wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín.

“Mo ti ń gòkè yìí láti ọjọ́ pípẹ́,” ló wí, “mi ò mọ èyí. Àbúrò, wá máa bá mi ṣe é. Èmi á máa mú wọn wá, ìwọ á máa sọ fún wọn ohun tí wọ́n ń wò.”

Mo ní mo gbọ́. Títí a fi délé, ayọ̀ mi ò rọlẹ̀.

Bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo rí i lẹ́bàá ọjà Bassila. Ẹ̀wù àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ló wọ̀. Mo bi í bóyá kì í lọ sórí òkè mọ́.

“Òkè ti lé mi, àbúrò.” Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí a lọ, obìnrin kan láti abúlé náà ń wá òkúta tí yóò fi ti ìkòkò rẹ̀ lẹ́bàá adágún kejì. Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ kan, ó bá èèpo iṣu sísun lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n Sàlífù, ó bi í pé èwo nínú àwọn àlejò rẹ̀ ni. “Mo ní èmi ni.”

“Kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àlejò mi ni yín. Bí mo bá ní ọ̀kan nínú yín ni, wọ́n á ní kí n kó gbogbo yín padà wá rojọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wá gbádùn ara yín!” Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tẹ òkè náà títí abúlé á fi jẹ iṣu tuntun mìíràn, pé ìgbà yẹn làwọn á tó mọ̀ bóyá òun ló ṣì máa ni ọ̀nà náà tàbí ẹlòmíràn. Ó ti sọ pátákó rẹ̀ kalẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Adágún kejì. Òkúta pẹlẹbẹ. Iṣu sísun. Mi ò rí ibi kankan tí mo lè gbé iyèméjì sí.

Ó wá wo àpò ẹ̀yìn mi, àpò kan náà. “Bó bá jẹ́ Màdáàmù ni,” ló wí, “ó kúkú jẹ iṣu láìsí epo, ó ti jìyà.” Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn ń wo àpò lásán. Mo ti rò ó láìmọye ìgbà, mi ò lè fi ẹ̀rí gbe ìkankan.

Àyè wà fún mi níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wa. Mo ní, “Ẹ kú ìfaradà, Ẹ̀gbọ́n,” mo sì bá tèmi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn burú ju irọ́ ẹsẹ̀ òkè lọ lójú mi, nítorí pé kò sí ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó wá sílé wa ní Manigri. Ó ní abúlé náà ti jẹ iṣu tuntun, Bàbá sì máa gbọ́ tẹnu òun lónìí, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa gbọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró, ọ̀nà òkè padà di tirẹ̀. Bí kò bá dúró, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, ó sì parí.

“Mo fẹ́ sọ fún Bàbá báyìí pé kì í ṣe èmi,” ló wí. “Wọ́n á bi mí pé ta ni, màá ní mi ò mọ̀. Ìwọ ṣáà sọ pé mo bi gbogbo yín kí a tó gòkè. Wọ́n á gbà ọ́ gbọ́. Ta ni kò mọ̀ pé o kì í sọ ohun tí kò dá ọ lójú?”

Ẹ rí wàhálà mi báyìí. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó fẹ́ kí n sọ. Mo lè dúró níwájú Bàbá, kí n sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n sì tún purọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti pinnu láti àná pé màá sọ pé èmi ni. Láti ìgbà yẹn ni ara mi ti fúyẹ́, bí ìgbà tí mò ń gòkè yẹn. Ìyá mi tún sun iṣu fún mi láàárọ̀ yìí. Ó wà nínú àpò mi. Màá gbé e síta níwájú gbogbo èèyàn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà, mo mọ ìwà rẹ̀, ó lè ní kí n dákẹ́, kí ó tún gba ẹ̀bi náà rù fún mi. Bí mo bá dúró di iwájú Bàbá, mo ti dójú tì í láìjẹ́ kó múra sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe? Àti ẹ̀yin márùn-ún tí a jọ lọ, bí èyí bá dé ọwọ́ yín, ẹ foríjì mí. Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Lórí fóònù ni mo ti ń kọ èyí, ní ibùdókọ̀ Bassila. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹ̀gbọ́n Sàlífù ti dé. Ó fún mi ní ọ̀kan nínú akoto méjì tó mú wá, ó fi alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó lọ ra omi. Ó ti gbé pátákó náà dìde. Ó dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ó ti tún òbìrí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kùn, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ wọn. Orúkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo fi ìka kàn án. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó ti kùn mí níka.