Kóòdù Tí Wọ́n Tìlẹ̀kùn Mọ́

Nínú takisí tó ń ti Tokoin lọ sí Amoutivé, wọ́n há mi sáàárín obìnrin kan tó ń ta fóònù àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣe aṣàwákiri íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Wọ́n sì ń gba òkè orí mi bára wọn jiyàn, láìtọrọ gáfárà.

"Tántì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ aṣàwákiri mi kúrò lórí fóònù tẹ́ ẹ̀ ń tà. Ọ̀dọ̀ yín làwọn èèyàn ti ń rí i. Ọ̀fẹ́ mà ni."

"Mo gbọ́. Kóòdù rẹ̀, ìlànà tó o kọ tó fi ń ṣiṣẹ́, ńkọ́? Ṣí i sílẹ̀ káwọn tó mọ̀ ọ́n kà wò ó. Àwọn oníbàárà mi ń bi mí bóyá ó ń ṣọ́ wọn."

"Kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ń lò ó."

"Ọmọ mi, tó o bá bu omi fún àlejò, ṣé o kì í kọ́kọ́ mu níbẹ̀ lójú rẹ̀? Inú yàrá lo ti mu tìẹ."

Inú yàrá lo ti mu tìẹ! Awakọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó já sí kòtò. Ìgúnpá méjì gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Mo gbìyànjú láti fajú ro, ẹ̀rín ò gbà fún mi.

Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Tántì, ká sòótọ́, kóòdù náà rí wúruwùru. Ojú ń tì mí."

"Ìyẹn lo ń fi pamọ́? Mo ti rò pé olè ni ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbálẹ̀."

"Ṣílẹ̀kùn ná. Àwọn tó bá wọlé ló máa bá ọ gbá a."