Àmín tí Bólú Ṣe Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máṣìnì

Ọlọ́run tó fi èémí sínú ọmọ mi, tó sì ní kó ṣì máa mí, Ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí kí n tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Bàbá Pásítọ̀, mo kí yín o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, tí ẹ ń fọ Hausa sí ara yín létí, mo kí gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ má fi orin bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò tíì tán lára mi.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ mi, Bàbá Bólú, ẹni tó máa ń bá wa tún maikirofóònù yìí ṣe. Ẹ sì mọ máṣìnì rẹ̀, alùpùpù àtijọ́ yẹn. Bí ẹ ò bá tíì rí i, ẹ ti gbọ́ ariwo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí ló fi í sílẹ̀ fún un. Orogún mi ni mo máa ń pè é. Tí ọkọ ẹlòmíràn bá ń sinmi ní Sátidé, tèmi á wà ní bàrándà, á ti tú orogún mi palẹ̀, á ti kó nọ́ọ̀tì sínú abọ́ tí mo fi ń rẹ ẹ̀wà, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọ eyín fọ ojú plọ́ọ̀gì. Tó bá tò ó tán, á tẹ kíìkì, á dẹ etí sí ẹ́ńjìnnì, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ó ń mí." Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyẹn. Èmi kò rí i kó dẹ etí sí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, ìjọba ti fòfin de máṣìnì nítorí àwọn ajínigbé. Kì í ṣe achaba tó ń gbé èrò nìkan, títí kan èyí tí èèyàn ń gùn fúnra rẹ̀. Kékè pàápàá, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó gbọ́dọ̀ kúrò lójú títì. Ẹ rántí bí Kamazou, àdúgbò wa yìí, ṣe máa ń dákẹ́ lásìkò yẹn. Mo bi ọkọ mi pé kí ló ń tún máṣìnì tí kò gbọdọ̀ jáde ṣe sí. Ó ní tí òun ò bá máa tan án, epo á gbẹ mọ́ kabúrétọ̀ nínú, kò sì ní dá wa lóhùn lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Mo ní ọjọ́ wo lọjọ́ náà? Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ ti fi máṣìnì yẹn sínú àdúrà, pé kí Ọlọ́run bá mi mú un kúrò nínú ilé, kódà kó jẹ́ olè ni Ó máa rán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi náà. Ẹ mọ̀ pé gbogbo Ọjọ́rú la máa ń gbé omi wá síbí nínú ike, tí Bàbá Pásítọ̀ á gbàdúrà sí i. Lálaalẹ́, kí Bólú tó sùn, mo máa ń bu díẹ̀ fún un nínú ìdérí ike náà. Mo ti kọ́ ọ pé kó máa ṣe Àmín kó tó gbé e mì. Kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n Àmín rẹ̀ máa ń mọ́ ṣáká. Ẹni tó bá ń kọjá lójúde á dá a lóhùn. Tí omi bá sì tán nínú ike, a kì í sọ ọ́ nù. Bàbá Bólú máa ń mú lára àwọn ike yẹn lò.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni. Wọ́n ti mú iná lọ. Mo wà ní kíṣíìnì, mò ń se ẹ̀wà. Bàbá Bólú wà ní bàrándà, ó ti tú kabúrétọ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti dè é padà. Epo bẹntiróòlù tó fà jáde nínú táńkì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú ọ̀kan nínú àwọn ike yẹn ló rọ ọ́ sí, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó wọlé wá wá tọ́ọ̀ṣì, torí kò ríran mọ́. Mo ní tọ́ọ̀ṣì wà lórí tábìlì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ọ láti bàrándà.

"Àmín!"

Ẹ̀yin ará, omi àdúrà wà níwájú mi lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mò ń wò ó. Mi ò tíì bu omi fún ẹnikẹ́ni. Kí wá ni Bólú ń ṣe Àmín sí? Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ikọ́.

A jọ sáré jáde ni. Ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ike mú, epo ti rin àyà aṣọ rẹ̀. Ó ń wúkọ́, ó ń yọ ahọ́n síta, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bu ún fún un. Mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Jésù! Epo bẹntiróòlù ni.

Ohun tí ìyá mi kọ́ mi, tí ìyá ọ̀pọ̀ nínú wa níbí kọ́ wa, ni pé tí ọmọ bá gbé ohun burúkú mì, epo pupa ni ká rọ fún un kó lè bì í jáde. Mo gbé Bólú lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, mo sá wọ kíṣíìnì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo. Ó fúyẹ́. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ̀kán kan kò jáde. Epo tí mo tọ́jú de ẹ̀wà! Mo kígbe pé ta ló kó epo mi? Bàbá Bólú kò lè wò mí lójú.

Ó ní, "Mo fi pa ṣéènì. Gíríìsì ló tán."

Ẹ má bínú, ilé Ọlọ́run nìyí, mi ò lè tún ohun tí mo sọ fún un sọ níbí. Ọmọ mi ń kú lọ, epo tó yẹ kó gbà á là wà lára ṣéènì orogún mi! Mo fẹ́ sáré lọ bá Mama Laraba, aládùúgbò wa, kó bu epo fún mi. Mo rántí pé ó ti lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Afaka, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Bàbá Bólú di apá mi mú, ó ní ọsibítù ló kù. Kí la fẹ́ gbé lọ? Kékè ti lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ní mọ́tò lójúlé wa. Àwa méjèèjì yíjú wo máṣìnì.

Epo tó kù nínú ike, èyí tí ọmọ mu lára rẹ̀, òun ló rọ padà sínú táńkì. Ó tẹ kíìkì. Kò dáhùn. Ó tún un tẹ̀. Ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Bólú ti ń tòògbé lápá mi, bẹ́ẹ̀ àsìkò oorun rẹ̀ kò tíì tó, mímí rẹ̀ sì ń dún fíì, fíì. Èmi tí mò ń bẹ Ọlọ́run kó mú máṣìnì lọ, èmi náà ni mo gbé ọwọ́ lé táńkì rẹ̀, tí mò ń gbàdúrà fún un bí aláìsàn. Mo ní, Olúwa, àdúrà tí mo gbà nípa máṣìnì yìí, jọ̀ọ́, má dáhùn rẹ̀ o! Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe wí i gan-an nìyẹn. Ọkọ mi tún fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó gbà.

Iná iwájú máṣìnì kò ṣiṣẹ́. Mo gbé Bólú sáàárín wa, mo na fóònù mi kọjá èjìká ọkọ mi, tọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ la fi ń ríran. Ẹ mọ bí títì wa ṣe máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èéfín súyà, alágbàdo, orin níbi gbogbo. Lọ́jọ́ yẹn kò sí ẹyọ ẹnìkan. Ariwo wa nìkan ló ń dún. Ẹ̀rù méjì ló dì mọ́ra nínú mi. Mò ń bẹ̀rù pé mímí ọmọ á dáwọ́ dúró, mo sì ń bẹ̀rù àwọn sọ́jà tó ń ṣọ́ ọ̀nà níwájú. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé orí máṣìnì ni àwọn ajínigbé ń gùn wá. Máṣìnì tí kò ní iná, tó ń bọ̀ nínú òkùnkùn, ta ni sọ́jà máa rò pé ó wà lórí rẹ̀? Mo fi ara mi bo ẹ̀yìn Bólú dáadáa.

Tọ́ọ̀ṣì ńlá kan là sí wa lójú.

"Tsaya! Stop there! Off that thing!"

Mo gbọ́ bí ìbọn wọn ṣe dún kà, wọ́n ti múra láti yìn ín. Bàbá Bólú pa máṣìnì. Mo gbé ọmọ sókè nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, mo kígbe, "Don Allah, kada ku harba! Yarinya ta sha fetur!" Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ. Mo ṣáà ń pariwo pé ọmọ mi mu fetur, ẹ má yìnbọn, bẹntiróòlù ló mu. Sọ́jà kan sún mọ́ wa, ojú rẹ̀ le koko. Ó gbé imú sún mọ́ ẹnu Bólú, ó sì fà sẹ́yìn.

"Wetin una dey wait for? Carry am go!"

Bàbá Bólú tẹ kíìkì. Orogún mi dákẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń làágùn, kò gbà. Ohun tí mò ń bẹ̀rù látilé nìyẹn, pé tó bá kú lójú ọ̀nà, kò ní jí. Mo bú sẹ́kún. Sọ́jà yẹn gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, ó pe ẹnì kejì rẹ̀, ó ní ká jókòó sórí máṣìnì. Làwọn méjèèjì bá ń ti máṣìnì, bàtà wọn ń dún gbì gbì lórí ọ̀dà. Àwọn tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ wa, àwọn ló ń tì í o! Máṣìnì wúkọ́, ó gbà, a lọ. Mi ò mọ orúkọ wọn. Ọlọ́run mọ̀ wọ́n.

Nọ́ọ̀sì tó gba Bólú lọ́wọ́ mi ní ọsibítù, obìnrin Mùsùlùmí kan, kò tiẹ̀ dúró kí wa. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni mo fún ọmọ lẹ́yìn tó mu ún. Ó ní ṣé mo fún un ní mílíìkì? Ṣé mo rọ epo pupa fún un? Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni. Mo ní, "Sister, ẹ má bínú, epo ti tán, ọkọ mi ti fi pa ṣéènì." Ó ní ṣé ó bì? Mo ní kò bì. Obìnrin yẹn mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Madam, thank your God."

Ó wá ṣàlàyé pé inú ikùn kọ́ ni epo bẹntiróòlù ti máa ń pa ọmọ jù, inú ẹ̀dọ̀fóró ni. Tí èèyàn bá fipá mú ọmọ bì í, bó ṣe ń gòkè bọ̀ ni yóò máa yà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní òun ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n rọ epo pupa fún. Kò sọ bó ṣe parí fún wọn, mi ò sì bi í.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi rò ó. Ká ní kẹ́ẹ̀gì yẹn wúwo lọ́wọ́ mi ńkọ́? Èmi fúnra mi ni ǹ bá di imú ọmọ mi mú, tí ǹ bá rọ ikú sí i lọ́fun, tí ǹ bá sì máa pe Jésù bí mo ṣe ń rọ ọ́.

Kò parí síbẹ̀ o. Wọ́n ní díẹ̀ nínú epo náà ti ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nígbà tó ń wúkọ́. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Dókítà ní kò sí oògùn tó máa fọ̀ ọ́ kúrò, pé ká máa ṣọ́ mímí rẹ̀ ni. Ibà dé. Egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Tí mo bá ṣẹ́jú, ẹ̀rù á bà mí pé kí n tó la ojú, á ti dákẹ́. Bàbá Bólú jókòó níhà kejì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún ọ́ìlì, kò fẹ́ fi kan ọmọ. Èmi ni mo mú ọwọ́ yẹn, mo gbé e lé Bólú lẹ́sẹ̀. Ó dẹ etí sí àyà rẹ̀ bó ṣe máa ń dẹ ẹ́ sí ẹ́ńjìnnì. Tí mo bá ti gbójú sókè, á ní, "Ó ń mí." Mo tún gbójú sókè. "Ó ń mí." Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, òun ni mo wá rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin náà gbàdúrà fún wa níbí, Bàbá Pásítọ̀ ń pè wá lórí fóònù. Ibà yẹn lọ díẹ̀díẹ̀. Ní àárọ̀ tí wọ́n yọ ọ́síjìn, nọ́ọ̀sì yẹn kan náà gbé omi wá nínú ike. Bólú wo ike, ó wò mí. Mo rò pé kò tún ní gba omi nínú ike mọ́ láyé. Nọ́ọ̀sì bu díẹ̀ sínú ìdérí. Ọmọ gbà á.

"Àmín!"

Ohùn rẹ̀ ti ha, ṣùgbọ́n ó mọ́ ṣáká. Nọ́ọ̀sì yẹn kò mọ ìtàn wa. Ó ṣáà dá a lóhùn, "Amin, amin." Ibẹ̀ ni Bàbá Bólú ti sunkún lójú mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

Máṣìnì ṣì wà ní bàrándà wa. Èmi fúnra mi ni mo ra gíríìsì fún orogún mi. Epo bẹntiróòlù kò tún wọ ike omi mọ́ nílé wa, agolo onírin tó ní ìdérí ló wà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ti yín kúrò nílẹ̀ lónìí. Tí irú rẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ẹ má rọ epo pupa fún ọmọ. Ẹ gbé e sáré lọ sí ọsibítù.

Ohun kan ló kù tí mò ń bẹ̀ yín sí. Láti ìgbà náà, tí ẹ bá ti ṣe Àmín nínú ilé yìí, ẹ̀rù máa ń bà mí. Mo máa ń di bẹ́ǹṣì mú. Ẹ̀yin lẹ ń gbàdúrà, èmi ń gbọ́ ikọ́. Mo fẹ́ kí Ọlọ́run gba ẹ̀rù yẹn lọ́wọ́ mi lónìí, kí ẹ sì bá mi yọ̀ títí yóò fi tán. Bàbá Bólú, ẹ gbé ọmọ wá. Omi nìyí. Ìdérí rẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin ará, ẹ dákẹ́ ná, òun ló máa kọ́kọ́ ṣe Àmín. Bólú mi, gbà.

Ẹ gbọ́ ọ? Ó yá, ẹ dá a lóhùn!