Ẹ̀rọ Tó Ń Ké ní Ìlódè

Èmi àti bàbá kan jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onífótókópì ní Ìlódè, láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun àpéwò n'Ífẹ̀, tí mo fi gbọ́ ohun tí òun àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń to kọ̀ǹpútà níbẹ̀ jọ sọ.

"Ẹ má bínú sí ariwo yìí, sà. Àná ni mo tò ó tán. Iná ń wọ̀ ọ́, fáànù ń yí, àmọ́ ojú ẹ̀ ò fi nǹkan kan hàn. Ó jọ pé ó ti kú, ẹni tó ni ín sì ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí."

"Òkú kì í sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Pa á, kí o tún un tàn."

Ó tàn án. Ẹ̀rọ náà ké.

"O gbọ́? Ohùn gígùn kan, kúkúrú mẹ́ta. Ohun kan náà ló ń wí látàárọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, bàbá?"

"Wáyà, tẹligíráàmù yẹn, ni mo ń gbà ní pósófíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì. Gígùn àti kúkúrú la fi ń gbọ́ pé wọ́n bímọ ní Kánò. N ò gbédè tèyí ṣá. Ìwé tó bá a wá ńkọ́?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà ṣí ìwé, ó ń fi ìka wá a.

"Ó wà níbí. Gígùn kan, kúkúrú mẹ́ta. Káàdì tó ń gbé àwòrán wá sójú ẹ̀ ni ò jókòó dáadáa."

Ó tẹ káàdì náà wọlé, ó tún un tàn. Ẹ̀rọ náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kúkúrú, ó dákẹ́. Lẹ́tà funfun bo ojú ẹ̀.

Èmi àti àwọn oníbàárà yòókù sáré lọ wò ó. Bàbá ò dìde.

"Ó ti mọ̀ pé o gbọ́ òun," ló wí.