Àpótí Oyin Kì Í Sinmi

Nínú ọkọ̀ Ayétòrò tí à ń dúró kó kún ní gáréèjì Ìlaròó ni mo ti gbọ́ ọ: ọkùnrin kan fẹ́ gé igbó tó yí àpótí oyin rẹ̀ ká kó fi gbin ẹ̀gẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì kò sì gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi igbó yẹn sílẹ̀."

"Nítorí kí ni? Bí oyin yẹn ṣe pọ̀ tó lésìí náà ló ṣe wà. Wọ́n ti jókòó pẹ̀sẹ̀."

"Wọn ò jókòó o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kú, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bí òmíràn. Oúnjẹ ń wọlé láti ara òdòdó igbó yẹn, ooru ń jáde. Ẹ fọwọ́ kan àpótí yẹn nígbà ọyẹ́, ẹ ó rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Ìṣirò yunifásítì nìyẹn."

"Iṣẹ́ mi ni. Ìṣirò ooru la fi ń wo bí ẹ̀dá ṣe ń pọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń dín. Ohun tó bá dọ́gba pátápátá, tí nǹkan ò wọlé, tí nǹkan ò jáde, òkú ni."

"Ṣé òdòdó ni kí n wá máa jẹ?"

"Ẹ gé e tán, àpótí lásán lẹ ó máa lá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀bá odò ńkọ́? Ṣé wàá jẹ́ kí n gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀?"

Nígbà tiwa ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa pé igbó àti ẹranko a máa bára wọn dọ́gba, wọn a sì fara balẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn; mo ti ń fi í dúró de ọjọ́ ogbó mi. Ọmọbìnrin yìí wá ní, "Òkú ni." Mo bẹ dírẹ́bà kó dúró dè mí bí ọkọ̀ bá kún, mo sọ̀kalẹ̀ lọ ra àgbàdo sísun, kí nǹkan ṣáà wọlé.